Ẹ̀yin Olùfẹ́ Ìwé, Ẹ Jẹ́ Ká Bèèrè fún Ìwé Àwọn Ará Họ́láńdì

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo bá wá, kì í sì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì nìkan ni mo ní í bá sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé nínú ọkọ̀ nígbà tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá dá yín dúró ní Èkó, ẹ̀yin olùkọ́ girama ní Òṣogbo àti Adó-Èkìtì, ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ máa ń ṣí ìwé nígbà tí ọjà bá dá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù kàwé lóru, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Gbogbo wa la mọ ilẹ̀ Netherlands, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Họ́láńdì. Àwọn ìyá wa mọ àǹkárá Họ́láńdì, èyí tí ilé iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní ọdún 1846, ń tẹ̀. Mílíìkì Peak tí à ń dà sínú ògì, ilé iṣẹ́ wọn ló ni ín. Clemens Westerhof tó kọ́ Super Eagles títí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994, ọmọ Họ́láńdì ni. Jo Bonfrere tó kó àwọn ọmọ wa lọ gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní 1996, ọmọ Họ́láńdì ni. Kanu àti Finidi wà nínú ẹgbẹ́ Ajax ti Amsterdam tó gba ife Champions League ní 1995. Ẹ wọ ilé wíwo bọ́ọ̀lù èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ọmọ Họ́láńdì mẹ́ta, wéré ni wọn yóò kà wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ òǹkọ̀wé Họ́láńdì kan ṣoṣo, kẹ́kẹ́ á pa.

Bóyá Anne Frank nìkan ni díẹ̀ nínú wa gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ọmọbìnrin Júù tó fara pa mọ́ sí Amsterdam nígbà ogun Hitler, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1947 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ka ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ̀ pé èdè Dutch, èdè àwọn ará Họ́láńdì, ló fi kọ ọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ìwé àwọn ará Họ́láńdì, ẹ jẹ́ ká máa bèèrè fún un ní gbangba, kí á sì mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sínú èdè Yorùbá.

Ìdí tí a kò fi mọ̀ wọ́n

Púpọ̀ jù lọ nínú ìwé ilẹ̀ òkèèrè tí à ń kà, ọwọ́ àwọn ilé ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. A ka Charles Dickens nílé ẹ̀kọ́, a ka Chinua Achebe, a ka Buchi Emecheta, àwọn kan nínú wa sì ti fi òru ka Toni Morrison. Mo fẹ́ràn wọn tọkàntọkàn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ra gbogbo ọjà rẹ̀ lọ́wọ́ alájàpá kan ṣoṣo, ohun tó bá wu alájàpá láti kó wá ni yóò máa rà. Ìwé tí kò bá wu àwọn olùtẹ̀wé London àti New York kì í dé ọ̀dọ̀ wa, bó ti wù kó dára tó.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní 1947, Gerard Reve kọ De avonden, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amsterdam ní ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ọdún 1946. Ogun ti parí, ó níṣẹ́, ó nílé, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe. Àwọn ará Họ́láńdì ka ìwé yìí mọ́ àwọn tó ga jù lọ ní èdè wọn. Ọdún 2016 ni ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Sam Garrett ṣe tó jáde, nígbà tí Reve fúnra rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́wàá. Tonke Dragt kọ De brief voor de koning fún àwọn ọmọdé ní 1962. Laura Watkinson túmọ̀ rẹ̀, ó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2013, lẹ́yìn ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ní 2020, Netflix ti fi í ṣe eré. Kì í ṣe pé ìwé méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dára lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n fi dúró. Ilé ìtẹ̀wé kan náà ní London, Pushkin Press, ló gbà pé àwọn òǹkàwé wà tí yóò rà wọ́n, òun ló sì gbé wọn jáde.

Àwa náà mọ bí ìdúró yìí ti rí. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní 1938. Ọgbọ̀n ọdún gbáko kọjá kí Wọlé Ṣóyínká tó gbé e wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Láàárín ọgbọ̀n ọdún yẹn, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló wà láàárín àwa àti àwọn ará Họ́láńdì báyìí, ó sì wà lọ́wọ́ wa láti fòpin sí i.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé wọn kò kàn wá. Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn òǹkọ̀wé tí ẹ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi ará Họ́láńdì tàbí ará Bẹ́ljíọ̀mù tó yẹ kí ẹ kà tẹ̀lé e hàn yín.

Ẹni tó fẹ́ràn Chinua Achebe

Kí ó ka Max Havelaar. Eduard Douwes Dekker ló kọ ọ́, ẹni tó fi Multatuli ṣe orúkọ ìkọ̀wé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba Họ́láńdì ni ní erékùṣù Java, ní ilẹ̀ tó di Indonéṣíà lónìí. Láti 1830 ni ìjọba ti fi dandan lé e pé kí àwọn àgbẹ̀ Java ya apá kan ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ fún kọfí, ṣúgà àti aró tí wọn yóò kó lọ sí Yúróòpù. Ní 1856, wọ́n gbé Dekker lọ sí agbègbè Lebak. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi rí i pé ọba agbègbè náà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń gba ẹfọ̀n lọ́wọ́ àwọn tálákà, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ láìsanwó. Àwọn òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, wọ́n dákẹ́, nítorí èrè ń wọlé. Ó kọ ẹ̀sùn, wọn kò gbè é lẹ́yìn, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1859, nígbà tí ìṣẹ́ ń bá a fínra ní Brussels, ó jókòó ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìwé náà jáde ní Amsterdam ní 1860.

Achebe fi ojú ẹni tí wọ́n gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ wo ìjọba òyìnbó. Multatuli jókòó nínú ọ́fíìsì ìjọba náà, ó sì tú àṣírí rẹ̀ láti ibẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ni ìtàn Saïdjah àti Adinda wà. Wọ́n gba ẹfọ̀n tí bàbá Saïdjah fi ń túlẹ̀. Bàbá ta ohun tó jogún, ó ra òmíràn, wọ́n gba ìyẹn náà. Ó tún wá owó, ó tún rà, wọ́n tún gbà á. Saïdjah dàgbà, ó lọ sí ìlú ńlá lọ ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta kí ó lè fi owó rẹ̀ fẹ́ Adinda. Ohun tó bá nílé nígbà tó dé, n kò ní sọ ọ́ níbí. Ẹ lọ kà á.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, ìwé yìí bá yín wí ju ẹnikẹ́ni lọ. Èbúté Amsterdam wà lára àwọn tí kòkó ń wọ̀ jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ìbéèrè tí Multatuli béèrè nípa kọfí ni ẹ̀yin náà ń béèrè nípa kòkó: ta ló ṣe iṣẹ́, ta ló jẹ èrè? Nígbà tí àwọn ará Họ́láńdì dá àmì kan sílẹ̀ ní 1988 fún kọfí tí wọ́n rà ní iye tó tọ́ sí àgbẹ̀, Max Havelaar ni wọ́n pè é. Ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ló ṣì ń jà fún àgbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn Toni Morrison

Kí ó ka Anton de Kom, tí òun náà kọ̀wé nípa oko ẹrú. Ní 1934 ni ó tẹ Wij slaven van Suriname jáde ní Amsterdam. Ọmọ adúláwọ̀ ni, wọ́n bí i ní 1898 ní Paramaribo, olú-ìlú Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà oko ẹrú ni wọ́n bí bàbá rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ojú omi Họ́láńdì ra ẹrú ní etí òkun Gánà àti Benin ti òde òní, wọ́n kó wọn lọ sí oko ṣúgà àti oko kọfí ní Suriname. Nígbà tí ìjọba fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1863, wọ́n san 300 gúldà lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan. Àwọn olówó ẹrú ni wọ́n san owó náà fún. Ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ tún ní láti fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn kí ó tó dá ara rẹ̀ ní.

De Kom kọ gbogbo èyí sílẹ̀ láìfi bò. Ìtàn tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ Suriname nílé ìwé, àwọn akọni Họ́láńdì ló kún inú rẹ̀. De Kom gbé Boni, Baron àti Joli-Coeur síwájú, àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú wọ inú igbó, tí wọ́n sì bá ìjọba jagun. Nígbà tó padà láti Họ́láńdì sí Paramaribo ní ìbẹ̀rẹ̀ 1933, àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìjọba mú un. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, àwọn ènìyàn péjọ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, ènìyàn méjì kú. Wọ́n dá a padà sí Họ́láńdì láìgbé e dé kóòtù. Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ náà, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ta kò wọ́n ní bòńkẹ́lẹ́. Wọ́n mú un ní 1944, ó sì kú ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Sandbostel ní oṣù Kẹrin 1945, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kó parí. Ọdún 2020 ni Họ́láńdì tó fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ ìtàn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí David McKay ṣe jáde ní 2022.

Ẹni tó bá ka tirẹ̀ tán, kí ó ka Astrid Roemer, obìnrin ọmọ Suriname tó gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ P. C. Hooft ní 2016. Ìwé rẹ̀ ti 1982 nípa obìnrin tó sá kúrò nílé ọkọ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ Lucy Scott. Kí ó sì ka Frank Martinus Arion ti erékùṣù Curaçao. Ìwé rẹ̀ Dubbelspel, tó jáde ní 1973, kó ọkùnrin mẹ́rin jọ sídìí dómínò ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ohun tó sì ń da ìlú kan láàmú tú jáde nídìí eré náà. Arthur Japin náà kọ ìwé ní 1997 nípa ọmọ ọba Aṣáńtì méjì, Kwasi Boachi àti Kwame Poku, tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Họ́láńdì ní 1837. Àwọn méjèèjì gbé ayé lóòótọ́. Poku padà wá sílé, ó sì pa ara rẹ̀ ní Elmina. Boachi kọ́ iṣẹ́ ìwakùsà, ó sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní Java.

Ẹni tó fẹ́ràn Charles Dickens

Kí ó ka Willem Elsschot, ọmọ Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Dutch bákan náà. Alfons de Ridder ni orúkọ rẹ̀ gan-an, iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló sì ń ṣe. Ìwé rẹ̀ Kaas jáde ní 1933, kò sì gùn rárá. Akọ̀wé ọ́fíìsì kan tó ń jẹ́ Laarmans ló wù láti di oníṣòwò ńlá. Ó gba ìsinmi àìsàn nígbà tí ara rẹ̀ le koko, ó di aṣojú ilé iṣẹ́ wàràkàṣì kan ní Amsterdam. Wọ́n fi 20 tọ́ọ̀nù wàràkàṣì ránṣẹ́ sí i. Dípò kí ó máa tajà, ó ń wá tábìlì ọ́fíìsì, ó ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń ronú orúkọ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa jẹ́. Wàràkàṣì wà nílé ẹrù, kò kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà, ní Gbági, ní Ọjà Ọba, ẹ ti rí irú ọkùnrin yìí. Ẹ mọ ẹni tó tẹ káàdì ìpolówó kó tó ní ọjà. Elsschot fẹ́ràn Laarmans, ó káàánú rẹ̀, ó sì jẹ́ ká mọ ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ ìfẹ́ láti dà bí àwọn ẹgbẹ́ ẹni. Paul Vincent túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2002. Ẹni tó bá ní ìrọ̀lẹ́ méjì yóò kà á tán.

Ẹni tó fẹ́ràn Ṣóyínká àti Emecheta

Ẹ̀yin tí ẹ gbádùn Aké, ìtàn ìgbà èwe Wọlé Ṣóyínká, ẹ wá Oeroeg tí Hella Haasse kọ. Batavia, tó di Jakarta, ni wọ́n bí i sí ní 1918. Ìwé náà jáde ní 1948, lásìkò tí Indonéṣíà ń bá Họ́láńdì jà fún òmìnira. Ọmọ òyìnbó kan àti ọmọ ìlú kan dàgbà pọ̀ lóko tíì, wọn kì í ya ara wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọ̀ àti ìjọba ń já okùn tó so wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi kojú ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Òyìnbó tó ń sọ ìtàn náà gbà pé òun kò mọ ọ̀rẹ́ òun rí. Kò wọ́pọ̀ kí ẹni tó wà níhà àwọn alákòóso fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ina Rilke túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2012.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé Buchi Emecheta nípa obìnrin Nàìjíríà ní London, ẹ ka Chika Unigwe. Ọmọ Ẹnúgu ni, ó fẹ́ ará Bẹ́ljíọ̀mù, ó gbé ìlú Turnhout, ó kọ́ èdè Dutch, ó sì fi kọ ìwé. Ìwé rẹ̀ nípa àwọn obìnrin Áfíríkà mẹ́rin tó ń ṣe iṣẹ́ aṣẹ́wó ní Antwerp kọ́kọ́ jáde ní èdè Dutch ní 2007, kó tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2009. Òun ló gba ẹ̀bùn ńlá lítíréṣọ̀ Nàìjíríà ní 2012, 100,000 dọ́là. Ọmọ ilẹ̀ wa ti wà nínú àwọn tó ń fi èdè Dutch kọ̀wé. Àwa la kò tíì bá a débẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ẹ fún wọn ní ìwé Tonke Dragt tí mo dárúkọ lókè. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan, Tiuri, wà nínú ìṣọ́ òru tó ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò fi í joyè ajagun. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn. Ẹnì kan wá ń kan ilẹ̀kùn pé òun ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Yóò ha ṣí i bí? Dragt fúnra rẹ̀ lo apá kan ìgbà ọmọdé rẹ̀ nínú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí àwọn ará Japan kó wọn sí ní Java nígbà ogun, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn.

Ohun tí a lè ṣe

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní owó oúnjẹ ni ká kọ́kọ́ wá. Òótọ́ ni, ìwé wọ́n, iná kì í sì í dúró ká fi kàwé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó púpọ̀. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ti Max Havelaar, tó jáde ní 1868, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ní fóònù lè kà á. Ìwé kan ṣoṣo sì tó ènìyàn mẹ́wàá bí wọ́n bá ń gbé e fún ara wọn.

Nítorí náà, èkíní: ẹ mú ìwé kan nínú àwọn tí mo dárúkọ, ẹ kà á láàárín ọdún yìí. Ẹ kà á pẹ̀lú ẹlòmíràn, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé àtijọ́, nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, láàárín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín.

Èkejì: ẹ bèèrè fún un. Ẹ wọ ilé ìtàwé, ẹ dárúkọ ìwé náà àti ẹni tó kọ ọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ìkàwé ìpínlẹ̀ yín pẹ̀lú. Olùtàwé tí ènìyàn márùn-ún bá bi ní ìbéèrè kan náà yóò wá ìwé náà rí. Ilé ìkàwé lágbára ju bí a ti rò lọ. Ẹ̀bùn ìwé ìlú Dublin, àwọn ilé ìkàwé káàkiri àgbáyé ló ń yan ìwé tí yóò du ú. Ní 2010, Gerbrand Bakker ará Họ́láńdì ló gbà á, fún ìwé rẹ̀ nípa àgbẹ̀ kan tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó. Owó ẹ̀bùn náà jẹ́ 100,000 yúrò, wọ́n sì fún David Colmer tó túmọ̀ rẹ̀ ní 25,000 nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Amsterdam, Rotterdam, Antwerp àti Brussels, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì, iṣẹ́ yìí ń dúró dè yín. Àwọn bàbá ńlá wa kò kọ iṣẹ́ ìtumọ̀. Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú nínú ìtumọ̀ Bíbélì. Ní ayé tiwa, Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ṣóyínká wá sínú Yorùbá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jù lọ nínú ohun tí a túmọ̀, láti inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ẹ lè gbé e wá tààrà láti inú èdè Dutch.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí òfin kò dí yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Họ́láńdì àti ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ìwé rẹ̀ máa ń parí lẹ́yìn àádọ́rin ọdún tó bá ti kú. Multatuli kú ní 1887, de Kom kú ní 1945. Ìwé àwọn méjèèjì ti di ti gbogbo ayé. Elsschot kú ní 1960, nítorí náà ó di dandan kí a gba àṣẹ títí 2030 yóò fi parí. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun ní olówó tirẹ̀: inú ìwé Dutch ni kí ẹ ti túmọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tó kúrú láti fi bẹ̀rẹ̀, ìtàn Saïdjah àti Adinda nìkan tó ìwé pẹlẹbẹ kan. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ gbé ìwé de Kom. Mo fẹ́ kí ọmọ ilé ìwé kan ní Ìlọrin tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè fi èdè ìyá rẹ̀ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n kó kúrò ní etí òkun ilẹ̀ Áfíríkà wa.

Ẹ̀kẹrin: ẹ̀yin ilé ìtẹ̀wé, owó ìrànwọ́ wà. Nederlands Letterenfonds ní Amsterdam máa ń ran àwọn olùtẹ̀wé ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́ nínú owó ìtumọ̀ ìwé Dutch. Literatuur Vlaanderen ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ń sọ èdè náà. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ sì san owó tó yẹ fún atúmọ̀, kí ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sára èèpo ìwé. Nígbà tí Marieke Lucas Rijneveld gba ẹ̀bùn Booker ti àgbáyé ní 2020, òun àti Michele Hutchison tó túmọ̀ ìwé rẹ̀ ló pín 50,000 pọ́n-ùn náà lọ́gbọọgba. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àwọn tí èdè Dutch jẹ́ èdè abínibí wọn lé ní mílíọ̀nù 20. Àwa tí à ń sọ Yorùbá pọ̀ jù wọ́n lọ. Síbẹ̀, wọ́n ya owó sọ́tọ̀ kí ìwé wọn lè rìn, wọ́n sì ń ka ìwé gbogbo ayé ní èdè tiwọn, ti Achebe pẹ̀lú. Iye ènìyàn kọ́ ló ṣe é fún wọn. Àwọn aráàlú wọn ló ń ra ìwé, tí wọ́n ń yá a nílé ìkàwé, tí wọ́n sì ń bèèrè fún èyí tí wọn kò rí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin ará mi, ẹ kọ orúkọ ìwé kan sílẹ̀ lónìí nínú àwọn tí a sọ yìí, ẹ mú un lọ sí ilé ìtàwé tàbí ilé ìkàwé tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín wá a.